Páìpù Tó Ń Kó Èéfín Lọ

Tíṣà tún já ṣiiri àgbàdo kan lára okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lẹ́búlẹ́bú dà sí i lọ́wọ́. Kòkòrò ti jẹ ìyẹn náà.

"Ẹ jẹ́ kí n wo ti ẹ̀yìn, Màmá."

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí lórí àpótí tó jókòó sí nídìí iná. "Bákan náà ni gbogbo wọn."

Irúgbìn ni. Bàbá tíṣà ló kọ́kọ́ gbìn ín lóko wọn lọ́nà Ẹmùré. Láti ìgbà tó ti kú, ọdọọdún ni màmá ń so èyí tó dára jù rọ̀ sókè iná, títí òjò yóò fi dé. Lẹ́yìn tí Èkìtì di ìpínlẹ̀, tíṣà fi owó oṣù méjì bẹ wẹ́dà kan ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́wẹ̀, kó ṣe ìborí páànù àti páìpù tí yóò máa fa èéfín jáde, nítorí ojú ìyá rẹ̀ tó máa ń ṣomi. Wẹ́dà náà ló sún àgbàdo kúrò lókè iná sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ ò sọ fún mi pé èéfín ló ń lé kòkòrò."

"Inú rẹ ń dùn sí páìpù náà."

"Mà á ra irúgbìn mìíràn lọ́jà."

"Rà á."

Màmá ń fi àgbàdo náà sínú iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Èéfín gòkè, ó wọnú páìpù, ó bá òkè òrùlé lọ. Kò yà sọ́dọ̀ wọn rárá.

Tíṣà wo ojú ìyá rẹ̀. Ojú náà ń ṣomi bíi ti tẹ́lẹ̀.