Bọ́ọ̀lù Tó Sọdá Ọ̀nà Rélùwéè

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2006, Ògúnlàdé mú ìyàwó rẹ̀ láti Mówé wá sí Ìbàfọ̀, kí obìnrin náà lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé ọkọ òun kì í ṣe òpùrọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Adéyẹ́misí ti ń gbọ́ ìtàn bọ́ọ̀lù tí ọkọ rẹ̀ gbá sọdá ọ̀nà rélùwéè nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ifọ̀. Ó gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó wọn. Ó gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bó ṣe ń bu ọbẹ̀ fún un, ó ní, "Dádì Jésùlayọ̀mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú."

Àǹfààní rẹ̀ sì dé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fẹ́ fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù tó ga jù lọ nínú ìtàn ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù rẹ̀ pe pápá ìṣeré, wọ́n sì ní kí àwọn ògbólógbòó ẹgbẹ́ náà mú orúkọ kan wá. Láyé ọjọ́un, àwọn nìkan ló ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi ọ̀pá gbá a, á sì sá yí pápá ká kí wọ́n tó mú un. Àwọn òyìnbó kan ló fi ọ̀pá, ìbọ̀wọ́ àti fìlà ta kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́rẹ lọ́dún 1984. Ọdún mẹ́ta ni ẹgbẹ́ pupa àti ẹgbẹ́ búlúù fi figagbága. Fèrèsé kan kò fọ́, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa. Àwọn òbí yin ọ̀gá ilé-ìwé gan-an fún èyí.

Inú kíláàsì kan ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí Ọmọlabí, ọ̀kan lára wọn, dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni wọ́n ti ṣèpàdé. Àgbààgbà mọ́kànlá jókòó sórí àga àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, orúnkún wọn ga dé àyà.

Sàhéèdì, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Ifọ̀, ló kọ́kọ́ dìde. Òun ló máa ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ búlúù.

"Kí la wá ń bá ara wa fà? Bọ́ọ̀lù tí èmi bá jù, ta ló rí i rí?"

"Kò sẹ́ni tó rí i," ni àwọn mẹ́ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ ṣeun. Mo ti parí ọ̀rọ̀ mi."

Ọmọlabí gbé ìbọ̀wọ́ aláwọ kan sókè. Òun ló máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, láti mú èyí tó bá ṣì í gbá. Ìbọ̀wọ́ náà ń dán bíi bàtà tuntun.

"Ọdún mẹ́ta gbáko, ẹyọ kan ò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ wo ìbọ̀wọ́ yìí, ẹ wò ó dáadáa. Ìtọ́jú nìyẹn!"

Ògúnlàdé dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì wo ìyàwó rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àṣekágbá ọdún 1986 ńkọ́? Sàhéèdì jù ú, mo gbá a. Ó kọjá lórí ilé oúnjẹ, ó kọjá lórí oko ẹ̀gẹ́ ọ̀gá, ó sọdá ọ̀nà rélùwéè. Àbí mo purọ́?"

"Ó sọdá," ni Ọmọlabí gbà, bí ẹni tí eyín ń dùn.

Adéyẹ́misí nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá lọ bá wọn he é?"

Ẹnì kan wúkọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ ò mọ eré yìí," ni Sàhéèdì wí tàánútàánú. "Tíṣà Fàósátù ló ń fọn fèrè, òun ló sì ń kéde ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Bó bá ti sọ ọ́, ó parí."

"Wọ́n wá sọ pé rélùwéè?"

"Wọ́n sọ ọ́. Ṣebí ará Ìlá kan náà ni Tíṣà àti ọkọ yín! Ẹnu Tíṣà ló gbá bọ́ọ̀lù yẹn, kì í ṣe ọ̀pá."

Ògúnlàdé fò dìde. Àga kékeré náà há mọ́ ọn nídìí, ó sì bá a dìde. "Tún un sọ! Ìwọ tí wọ́n lé kúrò ní pápá nítorí pé o ju bọ́ọ̀lù lu Kúlúsúmù ẹgbẹ́ wa lórí!"

"Irọ́ ni! Kúlúsúmù fúnra rẹ̀ ló ní òun ò mọ̀ ọ́n lára!"

Ìjà ni ì bá dà, bí kì í bá ṣe pé Tíṣà Fàósátù wọlé, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tó gbé pálí olókùn kan mọ́ àyà. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀, Ògúnlàdé tòun ti àga. Wọ́n ní kí ó dá ẹjọ́ náà.

Tíṣà di ojú. Ó gbé ìka sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi í tọ òfuurufú lọ, títí ìka náà fi dúró sókè fèrèsé.

"Mo ṣì ń wò ó bó ṣe ń lọ," ló wí. "Ògúnlàdé ni."

Adéyẹ́misí kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mi ò ní jiyàn mọ́." Ògúnlàdé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Tíṣà ní ẹ̀bùn wà fún un, nítorí pé ìyókù ẹrù tí àwọn òyìnbó fi ránṣẹ́ lọ́dún 1984 ti kúrò ní èbúté Apápá níkẹyìn, ó já okùn pálí náà, ó mú ohun roboto funfun kan jáde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ agbábọ́ọ̀lù tó ga jù lọ nínú ìtàn kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ògúnlàdé yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi èékánná tọ ojú ìránṣọ pupa tó wà lára rẹ̀, ó sì béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Mà, bí bọ́ọ̀lù náà ṣe máa ń rí rèé?"