Káfíńtà àti Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn

Ogójì ọdún ni káfíńtà yìí ti ń kan ìṣó mọ́ igi, síbẹ̀ bó bá rí abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Ìpá ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kò lè gbé pákó mọ́, àga tó ń kàn fún ìyàwó rẹ̀ sì ti wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta láti oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ abẹ ló kù, wọ́n sì ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn làwọn máa fi pa ìdajì ara rẹ̀ kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí ọkàn rẹ̀, ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Dókítà abẹ́rẹ́ là á yé e.

"Bàbá, ẹ dáwọ́ oògùn yìí dúró ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Bí mo bá gún yín nígbà tó ṣì wà lára yín, ẹ̀jẹ̀ lè dà sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ yín sì lè má jí mọ́."

Ohun tí káfíńtà rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sí abẹ́rẹ́ fún ẹni tó bá ti lo oògùn.

Nígbà àkọ́kọ́, ó "gbàgbé", ó lò ó. Wọ́n dá a padà sílé. Nígbà kejì, ó tún gbàgbé. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó ń súfèé. Ìyàwó rẹ̀ ní òun fi agboòrùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ó padà lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó ní òun ò rí i.

Nígbà tí ìgbà kẹta ku ọjọ́ márùn-ún, ìyàwó rẹ̀ gbé ìgò oògùn sórí tábìlì.

"Mi ò ní ṣọ́ yín mọ́. Àgbàlagbà ni yín."

Láràárọ̀ tí ìyàwó bá ti wọ ilé ìwẹ̀, ọkọ á jí ẹyọ kan lò. Oògùn náà ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Ó rò pé ooru ló bà á jẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó fọwọ́ sí ìwé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ lo oògùn yẹn kẹ́yìn?"

"Dókítà, ojú ń tì mí. Àárọ̀ yìí ni. Ọjọ́ orí mi ti lọ."

Dókítà kò bọ́ ìbọ̀wọ́. "Bí ẹ ò bá lò ó ńkọ́?"

"Ṣé ẹ rò pé abẹ́rẹ́ ń bà mí lẹ́rù ni? Ká ní mi ò lò ó, ǹ bá ti kọ ẹ̀yìn sí yín, kí ẹ gún mi bó ṣe wù yín."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ nǹkan tí bàbá sọ?"

"Mo gbọ́ ọ," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ìyàwó rẹ̀ ṣí báàgì, ó gbé ìgò oògùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn, bàbá àwọn ọmọ mi, ojúlówó rèé, ọjọ́ márùn-ún ló ti wà lọ́wọ́ mi bí dókítà ṣe kọ́ mi lọ́jọ́ tí mo lọ wá agboòrùn, fítámìn ọmọdé lẹ ń jí lò."