Géètì Orí Àtẹ̀gùn

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni Àwáwù àti ọkọ rẹ̀, Bàṣírù tó ń ta páàtì mọ́tò, kó lọ sókè pátápátá nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì kan ní Ṣakí. Atẹ́gùn ibẹ̀ dára, eruku ò sì tó ti ìsàlẹ̀. Ohun kan péré ló ń ba Àwáwù lẹ́rù: kí Àpọ́nlé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, má lọ já bọ́ láti òkè.

Àpọ́nlé ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rin, kò tíì sọ̀rọ̀. Kì í wojú èèyàn. Bí alùpùpù bá kọjá, á fọwọ́ di etí. Ìdérí ìgò ló máa ń tò kalẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí èrò tó tò kírun. Bí ìkòkò bá ṣí, á dé e. Bí àpótí aṣọ bá ṣí, á pa á dé. Bí ẹnìkan bá sún bàtà kúrò níbi tó wà lánàá, ẹkún dé nìyẹn. Àwọn kan ní adití ni. Àwáwù máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn, nítorí bí òun bá rọra tú bébà ṣúgà ní yàrá kejì, adití wọn á ti dé.

Mùstàfá káfíńtà kan irin mọ́ gbogbo fèrèsé. Ó ṣe géètì onígi sórí àtẹ̀gùn, ó fi bóòtù tí wọ́n á máa fi tì í sí i láàárín.

Nígbà tí iṣẹ́ oko dín kù, Bàbá Ládòkun, bàbá Bàṣírù, gbé ẹlùbọ́ wá láti Kòmú, ó ní òun ò ní lọ títí òjò àkọ́rọ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ló ń sùn, àmọ́ òkè ló ti ń jẹun, tó ti ń tàkúrọ̀sọ. Nígbà tó rí irin ojú fèrèsé, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Ẹ ti sọ ilé di túbú! Ní Kòmú, ahun tó bá ń jẹun pamọ́ ló ń tìlẹ̀kùn lọ́sàn-án."

"Bàbá, ilé ilẹ̀ ni tiyín."

"Ilé ilẹ̀ náà ló yẹ ọmọ yìí, Ìyá Àpọ́nlé."

Kò pẹ́ sígbà náà, Bàbá jẹun tán, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Bí Àwáwù ṣe jáde láti ilé ìdáná, géètì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, Àpọ́nlé dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bóòtù. Àwáwù sáré dé ibẹ̀. Ó gbé e, ọmọ ń ta pàtìpàtì, ó ń nawọ́ sí bóòtù náà, ó ń ké.

Mùstàfá wá gbé bóòtù sókè. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, Àpọ́nlé ń fìka ẹsẹ̀ dúró, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o, ó ń sunkún kíkorò. Mùstàfá tún gbé e sókè sí i.

"Ìyá Àpọ́nlé, bó bá tún ṣí èyí, ẹ jẹ́ kó wá máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Àpọ́nlé bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àpótí ìjókòó lọ sídìí géètì. Ọjọ́ tí Bàṣírù fojú ara rẹ̀ rí i, ó ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Ṣé ká dúró títí á fi já lulẹ̀ ni? Lọ́jọ́ Ẹtì, á bá Bàbá lọ sí Kòmú."

"Ta ló máa mọ̀ níbẹ̀ pé kì í jẹ iṣu tí ọbẹ̀ bá kàn? Bàbá Àpọ́nlé, ẹ ṣàánú mi!"

Àwáwù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mọ́tò ti dúró nísàlẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé ẹní ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Àwáwù ń ká aṣọ tó kù sínú àpò nígbà tó gbọ́ tí àpótí ń wọ́ nílẹ̀. Ó yọ́ jáde, kò jẹ́ pariwo, kí ọmọ má baà ta gìrì ṣubú. Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àpọ́nlé fà á pa dé, ó gun àpótí, ó ti bóòtù wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà sídìí ìdérí ìgò rẹ̀.

Ọ̀pá Bàbá ń dún bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó mi géètì jìgìjìgì.

"Wọ́n tún ti tì í! Ta ni ahun inú ilé yìí gan-an? Láti ọjọ́ tí mo ti dé, bí mo bá ti ṣí géètì yìí sílẹ̀ fún àlejò Ọlọ́run, ẹnìkan á sáré wá tì í!"

Àwáwù tú gbogbo aṣọ inú àpò náà dà sórí ibùsùn, ó sì ránṣẹ́ pe Mùstàfá pé kó yáa wá gbé bóòtù náà sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ọwọ́ Àpọ́nlé á ti tó o.