Àtàǹpàkò Lórí Iná Yẹ́lò

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.
Ní ọdún 1997, Dókítà Mobọ́lá, olùkọ́ yunifásítì, gbé ẹ̀rọ kan wá sí ilé-iṣẹ́ epo pupa kan nítòsí Igbotako. Wọ́n ní kòtò jíjìn kan tí wọ́n ń da omi ẹ̀gbin epo sí, afẹ́fẹ́ olóró sì máa ń kún inú rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí a máa tan iná lésà sínú kòtò náà. Dígí kan tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ á dá iná náà padà. Afẹ́fẹ́ olóró á gbé díẹ̀ mì nínú iná ọ̀hún lójú ọ̀nà. Èyí tó bá dín ni ẹ̀rọ fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, láìṣì rárá.

Dúrósinmí, ọmọ Igbotako, ni Dókítà kọ́ níṣẹ́ náà. Nígbà tí Dókítà ń lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kìlọ̀ fún un:

"Bí iná yẹ́lò kékeré ojú ẹ̀rọ yìí bá tàn, dígí ti dọ̀tí nìyẹn. Iná lésà kò ní padà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, kò ní rí ohun tó máa wọ̀n; òdo ni á máa kọ, irọ́ ló sì ń pa. Aṣọ funfun tó wà ní yàrá mi l'Ókìtìpupa ni kó o fi nù ún. Má fi àkísà elépo kàn án o!"

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

2.
Kò pẹ́ tí orí ọkùnrin yìí fi wú. Ẹni tó bá pè é ní Dúrósinmí lásán kò ní rí ìdáhùn. "Ẹnjiníà" ló fẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn àlejò kan wá láti Òde-Ìrèlè láti wo ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Jethro, àbúrò Dúrósinmí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fẹ́ wọ kòtò lọ la ibi tó dí.

Dúrósinmí tan ẹ̀rọ. Iná yẹ́lò tàn. Ó fa dígí sókè, ó já àkísà èjìká rẹ̀, ó fi nù ún, ó sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àárín àwa elépo, àkísà wo ni epo kò sí lára rẹ̀? Iná yẹ́lò kò kú. Ọ̀kadà ì bá gbé e dé Òkìtìpupa kó sì gbé e padà, ṣùgbọ́n ojú àwọn àlejò ń tì í. Ó fi àtàǹpàkò bo iná náà.

"Òdo!" ló kígbe. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

"Bọ̀dá, ṣé ó dá yín lójú?" Jethro béèrè.

"Ẹ̀rọ ló sọ ọ́. Wọlé jàre!"

Jethro kò tíì sọ̀ dé ìdajì àkàbà tí afẹ́fẹ́ olóró fi mú un, tí ọwọ́ rẹ̀ tú, tó sì já sísàlẹ̀ kòtò. Kò tilẹ̀ ráyè pariwo. Ọkùnrin mẹ́rin ló di Dúrósinmí mú kó má bàa bẹ́ tẹ̀ lé e.

3.
Òkú Jethro ni wọ́n fi okùn fà jáde. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Àwọn méjèèjì péré ni Aníwúrà, ìyá wọn, bí.

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó wo Dúrósinmí.

"Ọma mi, ta lò ń tijú fún, tó o fi jẹ́ kí àbúrò rẹ kú?"

Dúrósinmí kò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn àlejò náà. Wọ́n sì ti wọ ọkọ̀ wọn lọ kí wọ́n tó gbé òkú jáde.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, "n kò mọ̀ ọ́n" kì í pa èèyàn. "Ẹ jẹ́ kí n tún un wò" kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀lẹ. Ẹ má ṣe torí ìyìn ẹni tí kò mọ̀ yín fi ẹ̀mí ẹni tó fọkàn tán yín tafala. Ẹ ka èyí sétí àwọn ọmọ yín. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.