Màmá Fẹ́ Dá Rin Brazil Já

Ara Ayọ̀miídé ò balẹ̀. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú pálọ̀ wọn ní Surulere.

Màmá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, fẹ́ dá rin Brazil já. Ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ẹ̀ ló fẹ́ wọ̀.

"Màmá, ẹ bá àwọn tó ń kó èèyàn rìnrìn-àjò lọ. Brazil fẹ̀ ju Nàìjíríà lọ fíìfíì, ẹ ò sì gbọ́ èdè wọn."

"Àwọn yẹn ò ní dé ibi tí mò ń lọ."

Ayọ̀miídé tún wo orúkọ àwọn ìlú tí màmá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Porto Alegre, Belém, Manaus. Kò sí Rio tí gbogbo ayé ń lọ níbẹ̀.

"Ta ló yan àwọn ìlú yìí fún yín?"

Màmá kọjú sí fèrèsé.

"Ibẹ̀ làwọn èèyàn ní àwọn ti rí i."

"Wọ́n rí ta?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin. Mo bí i kí n tó fẹ́ bàbá ẹ. Bàbá ẹ ò gbà kí n mú un wọlé, bó ṣe bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ayọ̀miídé, ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi."



Ayọ̀miídé jókòó tì í.

"Màmá, kí lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi?"