Ohùn Ọ̀gá Zorel

Ẹ sún mọ́ mi, kí n ròyìn ìjà kan tí wọ́n jà lórí fóònù ní Mẹ́síkò.

Eré orí tẹlifíṣọ̀n ló fà á, eré àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀.

Gbogbo ẹgbẹ́ olólùfẹ́ eré náà gbà pé ìtàn rẹ̀ dùn, pé àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì dà bíi páálí tí wọ́n kùn lọ́dà.

Ẹni tuntun tó ń fi èdè Sípáníìṣì sọ̀rọ̀ dípò Ọ̀gá Zorel inú eré náà ló dá ìjà sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sáwọn tó ń ṣe eré náà kí wọ́n lé e," ni Ximena, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, ń wí. "Ohùn ẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tójò pa!"

Inú ń bí Bàbá Tello, àgbà inú ẹgbẹ́ náà. Ó ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé: "Ọmọ náà mọṣẹ́. Ẹ fún un láyè."

"Bàbá, ẹ ò mọ Zorel! Ẹni àtijọ́ tó ń ṣohùn ẹ̀ ni baba wọn, àfi bó ṣe fi eré náà sílẹ̀, tó bá owó lọ, ọ̀dàlẹ̀!"

"Kò bá owó lọ."

"Ta ló sọ fún yín? Gbogbo wa ń fi ohùn ránṣẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń tẹ̀wé bí akọ̀wé kóòtù. Ẹ la ẹnu!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Tello ya fọ́tò ọrùn rẹ̀, ihò tí dókítà lu sí ọ̀fun tí jẹjẹrẹ ti jẹ. Ó fi ránṣẹ́.

Ó wá tẹ̀ ẹ́ pé: "Èmi ni Zorel àtijọ́. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mo fi ìwọ̀nba ohùn tó kù mí kù kọ́ ọmọ yẹn níṣẹ́."

Ximena ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ̀wé mọ́.