Nọ́ńbà Tí Kò Ṣeé Pín

"Ṣó o ti palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́?" Ọ̀jọ̀gbọ́n kò jẹ́ kí ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ wọlé tán.

Ìyá ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ti fi nọ́ńbà gbọọrọ méjì tí kò ṣeé pín, ìyẹn tí nọ́ńbà kankan kò lè pín dọ́gba àfi oókan àti àwọn fúnra wọn, sọ ara wọn di púpọ̀, ó gbé èsì rẹ̀ fún un: kó wá àwọn nọ́ńbà tó pín in, àbí kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni nọ́ńbà tí òun fúnra rẹ̀ kéde fáyé pé kò ṣeé pín. Nọ́ńbà yẹn ló fi dọ̀gá.

"Mo ti rí wọn, mà. Mẹ́ta ni."

"Méjì ni mo fi ṣe é, olóríkunkun. Ṣé ìyá ẹ ló bá ẹ bí ẹ̀kẹta ni?"

"Ẹ ṣírò ó wò, mà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ nọ́ńbà mẹ́ta tó kọ wá sínú ẹ̀rọ ìṣírò, ó fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀: èsì tí òun fún un ló jáde. Kò lé, kò dín. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ nọ́ńbà kejì tí òun fi ṣe é. Ó wá fi méjì tó kù sọ ara wọn di púpọ̀: nọ́ńbà tó fi dọ̀gá ló jáde.

"Ta lo ti fi hàn?"

"Ẹ̀yin nìkan, mà."

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àga fún un.

"Jókòó, ọmọ mi."